Bí òmùwẹ̀ tó wà nílé ẹ̀kọ́ ṣe lè ráyè fún ìwé àti iṣẹ́ ẹ̀rọ

Bí ọmọ kan bá sọ pé òun fẹ́ díje nínú ìlúwẹ̀ẹ́, òun fẹ́ gba máàkì tó dára nílé ẹ̀kọ́, òun sì tún fẹ́ máa to wáyà àti bátìrì pọ̀ nílé, òwe tí àgbà yóò kọ́kọ́ pa fún un ni pé ẹni tó lé eku méjì á pòfo. Tirẹ̀ tilẹ̀ wá jẹ́ mẹ́ta. Òwe náà kò purọ́. Ṣùgbọ́n bí eku mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ń gba ojú ọ̀nà kan náà kọjá, pàkúté kan tó wọn. Ohun tí ìtọ́sọ́nà yìí dá lé nìyẹn: bí o ṣe lè to ìgbésí ayé rẹ kí iṣẹ́ ẹ̀rọ máa jáde láti inú omi tí o ti ń wọ̀ lójoojúmọ́, kó má di ẹrù kẹta lórí méjì tó ti wúwo tẹ́lẹ̀.

Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò ní dọ́gba lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Má tilẹ̀ gbìyànjú ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ka wákàtí rẹ, orí oorun ni kí o ti bẹ̀rẹ̀

Wákàtí 168 ló wà nínú ọ̀sẹ̀ kan. Mú ìwé, kí o kọ oorun sílẹ̀ ṣáájú ohunkóhun. American Academy of Sleep Medicine, ẹgbẹ́ àwọn dókítà oorun ní Amẹ́ríkà, sọ pé ọmọ ọdún 13 sí 18 nílò oorun wákàtí 8 sí 10 lójúmọ́. Òmùwẹ̀ tó ń jí ní ìdájí lọ sínú omi kò gbọ́dọ̀ máa fi èyí tó kéré jù ṣírò. Kọ 9 sílẹ̀. Ìlọ́po méje rẹ̀ jẹ́ 63.

Ilé ẹ̀kọ́, bí tìrẹ bá rí bí ti ọ̀pọ̀: 35. Ìdánrawò mẹ́jọ lọ́sẹ̀, wákàtí méjì-méjì: 16. Ibi tí ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń ṣi ìṣirò ló kàn: ìrìn lílọ àti ìrìn bíbọ̀, pípààrọ̀ aṣọ, nínà ara kí o tó bọ́ sómi, wíwẹ̀ láti fọ kílórínì kúrò lára, nínu irun, títo báàgì. Ó kéré tán, wákàtí kan gbáko ló ń bá ìdánrawò kọ̀ọ̀kan rìn tí ẹnikẹ́ni kì í kà. Ìyẹn 8. Oúnjẹ, iṣẹ́ ilé àti ìmúra, wákàtí méjì lójúmọ́: 14. Àròpọ̀ rẹ̀ di 136, ó ku 32. Yọ 15 fún iṣẹ́ àṣetiléwá àti ìwé kíkà, ó ku 17.

Wákàtí 17 dùn ún gbọ́ létí. Àmọ́ ìdíje òpin ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, ọjọ́ méjì létí adágún, lè gbé gbogbo rẹ̀ mì. Èrò tèmi ni pé kí o kọ wákàtí 4 péré sílẹ̀ fún iṣẹ́ ẹ̀rọ ní ọ̀sẹ̀ tí kò sí ìdíje, kí o sì fi ìyókù sílẹ̀ láìfún un níṣẹ́. Òtútù tó bá mú ọ, sùnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀, tẹ́ẹ̀sì òjijì, ọ̀rẹ́ tó fẹ́ kí o wá kí òun: inú ibẹ̀ ni gbogbo wọn yóò ti jẹun.

Fi iye tìrẹ rọ́pò èyí tí mo kọ. Bí àròpọ̀ bá ti kọjá 168, nǹkan kan gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀, oorun kọ́ ni yóò sì kúrò.

Ìgbésẹ̀ kejì: wo odindi ọdún

Lẹ kàlẹ́ńdà ńlá mọ́ ògiri. Fi àwọ̀ kan kọ ọjọ́ ìdánwò, kí o fi àwọ̀ mìíràn kọ ìdíje ńlá méjì tàbí mẹ́ta tí gbogbo ọdún ń yí lé lórí. Bi kóòṣì rẹ nígbà tí ìdánrawò máa le jù, àti ìgbà tí taper máa bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta ṣáájú ìdíje ńlá tí wọ́n máa ń dín iye mítà kù kí ara lè sinmi.

Àkókò taper yìí máa ń tan ọmọ jẹ. Ara á fúyẹ́, àyè á ṣí sílẹ̀, á wá dà bíi pé ó yẹ kí o fi òru parí ẹ̀rọ tó ti wà nílẹ̀ láti oṣù tó kọjá. Má dán an wò. Ìsinmi yẹn gan-an ni iṣẹ́ tí kóòṣì gbé fún ọ. Ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì tí wọ́n bá fún yín láti gbádùn lẹ́yìn ìdíje ńlá ló dára jù fún iṣẹ́ ọwọ́, fún gígé, lílẹ̀ àti jíjó wáyà pọ̀. Ní oṣù tí ìdánrawò bá ń le, kíkà àti yíya àwòrán ohun tí o fẹ́ ṣe ti tó. Tí ìdánwò bá dé, kó gbogbo irinṣẹ́ sínú páálí, kí o dè é.

Ìgbésẹ̀ kẹta: tètè sọ̀rọ̀

Olùkọ́ tó gbọ́ lọ́sẹ̀ méjì ṣáájú máa ń rọ̀, èyí tó gbọ́ láàárọ̀ ọjọ́ ìrìn-àjò kì í fẹ́ gbọ́ àlàyé. Irú ọ̀rọ̀ tí o lè fi ránṣẹ́ nìyí:

"Ẹ káàsán mà. Mo ní ìdíje ìlúwẹ̀ẹ́ láti ọjọ́ Ẹtì sí ọjọ́ Àìkú, ọ̀sẹ̀ méjì sí èyí tí a wà yìí, mi ò sì ní lè wá sí kíláàsì yín lọ́jọ́ Ẹtì náà. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé mo lè gba iṣẹ́ ọjọ́ yẹn ní Ọjọ́rú, kí n dá a padà lọ́jọ́ Ajé? Bí tẹ́ẹ̀sì bá wà, mo ṣe tán láti ṣe é ṣáájú. Ẹ ṣeun gan-an mà."

Wò ó dáadáa: ọmọ náà ti mú ọjọ́ tí yóò gba iṣẹ́ àti ọjọ́ tí yóò dá a padà wá fúnra rẹ̀. Ohun tó kù fún olùkọ́ kò ju kó ní "ó dáa" lọ.

Kóòṣì náà fẹ́ gbọ́. Bí ìdánwò físíìsì bá bọ́ sí Ọjọ́bọ̀, má kàn pa ìdánrawò Ọjọ́rú jẹ kí o fara pamọ́. Bi í pé, "Sà, nínú ìdánrawò ọ̀sẹ̀ yẹn, èwo ni mo lè fò tí kò ní pa mí lára jù?" Òun ló mọ ọjọ́ tí iṣẹ́ gidi wà àti ọjọ́ tí ẹ kàn fẹ́ na ara nínú omi. Bí o bá fúnra rẹ yàn, ó ṣeé ṣe kí o fi ọjọ́ tó ṣe pàtàkì jù ṣòfò.

Àwọn òbí rẹ tó ń gbé ọ lọ gbé ọ bọ̀ wà lára ètò yìí. Fún wọn ní ẹ̀dà kàlẹ́ńdà kan.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: kàwé pẹ̀lú ara tó ti rẹ̀

Ìṣirò àti ohunkóhun tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé etí rẹ, fi wọ́n sí ìgbà tí orí rẹ ṣì mọ́. Fún ọ̀pọ̀ òmùwẹ̀, ìyẹn ni wákàtí tó wà láàárín ìparí ilé ẹ̀kọ́ àti ìdánrawò ìrọ̀lẹ́, tàbí ọjọ́ ìsinmi lówùúrọ̀. Lẹ́yìn ìdánrawò ìrọ̀lẹ́, ara ti gba ìwọ̀n tirẹ̀; iṣẹ́ tí ọwọ́ ti mọ̀ ni kí o ṣe nígbà yẹn, bíi títún àkọsílẹ̀ kọ tàbí dídáhùn ìbéèrè irú èyí tí o ti dáhùn rí. Ka ojú ewé kan, pa ìwé dé, kí o kọ ohun tí o rántí sílẹ̀. Ó máa ń dun ni ju kíka ìwé náà lẹ́ẹ̀mẹta lọ, ó sì ń yá jù ú lọ.

Ọjọ́ ìdíje ní àṣírí tirẹ̀. O lè lúwẹ̀ẹ́ fún ìṣẹ́jú kan àtààbọ̀ láàárọ̀, kí o wá jókòó wákàtí méjì kí wọ́n tó tún pe orúkọ rẹ. Àyè ìwé nìyẹn, ṣùgbọ́n má gbé kọ̀ǹpútà lọ. Omi wà níbi gbogbo, èrò sì pọ̀. Bébà kan tó ní ìbéèrè mẹ́fà lórí ti tó. Fi í sínú náílọ̀n tó mọ́ gaara, kí o sì lo pẹ́ńsù, torí pé bí omi irun rẹ bá kán sórí bírò, gbogbo ìdáhùn á di àbàwọ́n. Nígbà tó bá ku nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú kí eré rẹ kàn, pa á dé. Orí tó ń ṣe ìṣirò kì í ráyè gbọ́ fèrè dáadáa.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: sọ adágún ìlúwẹ̀ẹ́ di yàrá ìwádìí

Ibí ni mo fẹ́ ká jókòó sí díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó fẹ́ràn iṣẹ́ ẹ̀rọ rò pé àfi kí àwọn kọ́ rọ́bọ́ọ̀tì kí wọ́n tó ka àwọn sí. Rọ́bọ́ọ̀tì dára, ṣùgbọ́n ó máa ń gba ìrọ̀lẹ́ tirẹ̀, ẹgbẹ́ tirẹ̀ àti yàrá tirẹ̀, ìrọ̀lẹ́ gan-an ni o ò sì ní. Wákàtí 16 ni o ń lò nínú omi lọ́sẹ̀. Ìbéèrè tí omi bá bí ni kí o máa lé.

Kò sí tuntun níbẹ̀. Nígbà tí Benjamin Franklin, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì àti olóṣèlú Amẹ́ríkà, ṣì jẹ́ ọmọdé ní Boston, ó gbẹ́ pákó pẹlẹbẹ méjì tó ní ihò fún àtàǹpàkò, ó fi wọ́n sọ́wọ́ kó lè fa omi púpọ̀ sí i. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn náà pé òun yára sí i, ṣùgbọ́n ọrùn ọwọ́ òun ń rẹ̀. Paddle tí kóòṣì ń fún yín lónìí, ọmọ ìyá pákó yẹn ni. Ní 1968, International Swimming Hall of Fame fi orúkọ Franklin sára àwọn ẹni iyì wọn. Lóde òní, Kate Douglass, òmùwẹ̀ ará Amẹ́ríkà tó gba góòlù 200 mítà breaststroke ní Òlíńpíìkì Paris 2024, kẹ́kọ̀ọ́ statistics, ìyẹn ìṣirò dátà, ní University of Virginia. Níbẹ̀, òun àti Ken Ono, ọ̀jọ̀gbọ́n ìṣirò, lo sẹ́ńsọ̀ tí wọ́n ń dè mọ́ ara òmùwẹ̀ láti wo ibi tí eré ti ń já lára onítọ̀hún, Douglass sì wà lára àwọn tó kọ ìwádìí náà jáde.

Ìwọ bẹ̀rẹ̀ láìná owó kankan. Ohun tí o nílò ni ọ̀rẹ́ kan létí adágún àti aago fóònù. Nínú adágún 25 mítà, yọ mítà 5 àkọ́kọ́ tí o fi ń yọ́ lọ lábẹ́ omi lẹ́yìn tí o ti ti ògiri. Ó ku 20. Kí ọ̀rẹ́ rẹ ka ìṣẹ́jú-àáyá, kí ìwọ ka iye ìgbà tí ọwọ́ rẹ wọ omi. Ká ní ìṣẹ́jú-àáyá 14 ni, tí ọwọ́ sì wọlé nígbà 16. Ọwọ́ kọ̀ọ̀kan gbé ọ rin mítà 1.25, eré rẹ sì jẹ́ nǹkan bíi mítà 1.43 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Eré òmùwẹ̀ kò ju ohun méjì lọ: bí ọwọ́ kan ṣe gbé e jìnnà tó, àti bí ọwọ́ kejì ṣe tètè tẹ̀lé e. Ṣe é lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú ọwọ́ tó rọra, lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú ọwọ́ tó yá díẹ̀, títí dé ibi tí ọwọ́ ti ń sáré púpọ̀. Ya àwòrán rẹ̀ sórí bébà gíráàfù. Wàá rí ibi tí ọwọ́ ti ń yára sí i tí ara kò sì kúrò níbi tó wà.

Kí ló fà á? Omi fi nǹkan bí ìlọ́po 800 wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Bí eré rẹ bá di ìlọ́po méjì, agbára tí omi fi ń fà ọ́ sẹ́yìn á di nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin, iṣẹ́ tí ara rẹ gbọ́dọ̀ ṣe ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan á sì di ìlọ́po mẹ́jọ. Fi ìpín 10 péré nínú 100 kún eré rẹ, kí o sọ 1.1 di ìlọ́po ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta: 1.331. Ìpín 33 nínú 100 ni iṣẹ́ ara fi lé sí i. Ìdí nìyẹn tí kóòṣì fi ń pariwo pé kí o rẹ orí sílẹ̀, kí ìbàdí rẹ má rì. Dídín ohun tó ń fà ọ́ kù máa ń rọrùn ju wíwá agbára kún agbára lọ.

Kí o tó fọ́nnu nípa àbájáde rẹ, kọ́ ẹ̀kọ́ Òlíńpíìkì Munich 1972. Nínú 400 mítà medley àwọn ọkùnrin, ìyẹn eré tí wọ́n ń fi oríṣi ìlúwẹ̀ẹ́ mẹ́rin wẹ̀, wọ́n ní Gunnar Larsson ti Sweden fi ìṣẹ́jú-àáyá 0.002 ṣáájú Tim McKee ti Amẹ́ríkà. Ṣírò rẹ̀: eré wọn jẹ́ nǹkan bíi mítà 1.47 ní ìṣẹ́jú-àáyá, nítorí náà àlàfo àárín wọn kò tó milimítà 3. Bẹ́ẹ̀, òfin gan-an gbà kí ojú ọ̀nà kan nínú adágún 50 mítà fi iye tó ju ìyẹn lọ gùn jù. Ta ló wá lè búra pé ojú ọ̀nà àwọn méjèèjì gùn dọ́gba? Lẹ́yìn ìyẹn, ìdá ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá ni wọ́n ń kà mọ, ẹni méjì tó bá sì bára dọ́gba á jọ gba ẹ̀bùn, bí Simone Manuel àti Penny Oleksiak ṣe jọ gba góòlù 100 mítà ní Rio 2016 pẹ̀lú 52.70. Àtàǹpàkò ọ̀rẹ́ rẹ lórí aago lè ṣì tó ìdá méjì nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá. Bí o bá fi ìdá kan nínú mẹ́wàá yára ju àná lọ, o ò tíì mọ nǹkankan. Tún un ṣe lọ́pọ̀ ìgbà, kí o mú àárín wọn.

Ìgbà tí bébà bá ti fi ìbéèrè tó ń jẹ ọ́ lọ́kàn hàn ọ́ ni kí o tó fọwọ́ kan wáyà. Pátákó ẹ̀rọ kékeré tí a lè kọ ètò sí, bí Arduino, accelerometer kan (sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn bí eré ṣe ń yí padà), káàdì mémọ́rì àti bátìrì kékeré ti tó. Má gbẹ́kẹ̀ lé Bluetooth. Ìgbì rédíò 2.4 GHz tó ń lò kì í rìn jìnnà nínú omi. Jẹ́ kí ẹ̀rọ kọ ohun gbogbo sórí káàdì, ìgbà 50 sí 100 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, kí o wá kà á lórí kọ̀ǹpútà nílé.

Àpótí rẹ̀ ni yóò fún ọ ní wàhálà ju ẹ̀rọ lọ. Má kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ sínú rẹ̀ rárá. Fi tíṣù gbígbẹ sí i, fi irin kékeré kún un kó lè rì, dé e, kí o rì í sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi di òwúrọ̀. Nu ìta rẹ̀ gbẹ kí o tó ṣí i. Bí tíṣù bá lẹ̀ mọ́ ìka rẹ, omi ti wọlé. Wá igun tó tutù jù, ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni rọ́bà ìdérí kò ti dé dáadáa. Fi gíríìsì sílíkónì tín-ínrín pa rọ́bà náà, kí o tún un rì. Nígbà tí tíṣù bá jáde gbẹ́rẹ́gbẹ́rẹ́ bó ṣe wọlé, ẹ̀rọ lè wọ inú rẹ̀. Okùn rọ́bà ni kí o fi dè é mọ́ ẹ̀yìn, lókè ìbàdí, níbi tí kò ti ní dí ọwọ́ lọ́wọ́.

Àwọn nǹkan kan kò ní àríyànjiyàn. Bátìrì nìkan ló gbọ́dọ̀ wà nítòsí omi. Ohunkóhun tó ń gba iná lára ògiri kò gbọ́dọ̀ dé etí adágún, ì báà ṣe ṣájà fóònù. Bátìrì lithium tó bá wú tàbí tí omi bá wọ̀, má ṣe tún fi sí ṣájà mọ́. Gba àṣẹ lọ́wọ́ kóòṣì àti ẹni tó ń mójú tó adágún. Bí o bá fẹ́ ya fídíò, àwọn ọmọ mìíràn wà níbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ìwẹ̀ lára. Tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn àti òbí wọn. Má sì dè é mọ́ra nínú ìdíje láìkọ́kọ́ bi kóòṣì àti àwọn aláṣẹ ìdíje, torí pé òfin World Aquatics, àjọ tó ń darí ìlúwẹ̀ẹ́ lágbàáyé, kò gba ohun èlò tó lè fi kún eré òmùwẹ̀ tàbí tó lè mú un léfòó. Wọn kì í fi èyí ṣeré: aṣọ ìwẹ̀ onírọ́bà tó mú kí wọ́n fọ́ àkọsílẹ̀ àgbáyé 43 níbi ìdíje àgbáyé ní Rome ní 2009, wọ́n fòfin dè é láti ọjọ́ kìíní oṣù January 2010.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: mọ ohun tí wàá kọ́kọ́ gé

Ọ̀sẹ̀ kan ń bọ̀ tí gbogbo ètò yìí máa fọ́. Pinnu nísinsìnyí tí orí rẹ tutù. Èyí tí mo máa ń dábàá: iṣẹ́ ẹ̀rọ ni kí o kọ́kọ́ dá dúró, torí pé kò sí ẹni tó ń retí rẹ̀ lọ́la. Lẹ́yìn náà, ìdíje kéékèèké tí kò já mọ́ nǹkankan nínú kàlẹ́ńdà. Lẹ́yìn náà, ìdánrawò kan, pẹ̀lú ìmọ̀ kóòṣì. Ìwé ló gbẹ̀yìn. Oorun kò sí nínú àkójọ yìí.

Bí èjìká bá ń dùn ọ́ nígbà tí o bá gbé ọwọ́ sókè, sọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an, má dúró kó le. Bí máàkì rẹ àti eré rẹ bá ń lọ sílẹ̀ pọ̀, tí o sì ń bínú sí gbogbo ènìyàn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àárẹ̀ ló ń ṣe ọ́, kì í ṣe ọ̀lẹ. Jẹ́ kí dókítà wò ọ́.

Ìgbésẹ̀ keje: ìwé àkọsílẹ̀, lẹ́yìn náà yunifásítì

Ní ìwé kan ṣoṣo fún iṣẹ́ ẹ̀rọ rẹ. Kọ ọjọ́, ohun tí o dán wò, iye tí o rí, àti ohun tó bàjẹ́. Lẹ àwòrán tíṣù tó tutù mọ́ ọn. Nígbà tí o bá ń wá àyè ní yunifásítì, ojú ewé mẹ́wàá irú èyí máa sọ̀rọ̀ ju gbólóhùn pé o fẹ́ràn ẹ̀rọ láti kékeré lọ.

Tí o bá ń yan ilé ẹ̀kọ́ tí wàá ti lúwẹ̀ẹ́ tí wàá sì kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, rántí pé ọ̀sán ni iṣẹ́ yàrá ìwádìí sábà máa ń bọ́ sí, ọ̀sán sì ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ máa ń wà nínú omi. Kóòṣì tó fẹ́ kí o wá yóò sọ fún ọ pé kò sí ìṣòro. Wá òmùwẹ̀ kan tó wà lọ́dún kẹta nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ níbẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́, kí o bi í léèrè: "Ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ wo lẹ wà ní yàrá ìwádìí ní sáà tó kọjá, ìdánrawò mélòó lẹ sì pàdánù nítorí ẹ̀?" Bí ẹgbẹ́ náà kò bá ní ẹnì kan tó ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ rárá, bi kóòṣì pé kí ló fà á.